Olùyẹ̀wò mẹ́fà ló wà nínú ìwé, ẹni méjì ló ń dáhùn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́_Òde

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù márùn-ún, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó lọ ṣìwà hù.

Ìgbà tí a ṣì wà nílé ìwé ni àwa mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ irinṣẹ́ open source kan (ẹnikẹ́ni lè wo kóòdù rẹ̀, kó sì tún un ṣe) tó ń bá èèyàn fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Kì í ṣe iṣẹ́ bàǹtàbanta, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ń lò ó, ilé ìtẹ̀wé kan níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde náà ń lò ó. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ olórí wa ló ni repo náà, ìyẹn ibi tí kóòdù wà, lórí GitHub, ìkànnì tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́. Abẹ́ àkáǹtì ara rẹ̀ ló wà. Òun nìkan náà ló lè gbé ẹ̀dà tuntun sórí PyPI, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń gba irinṣẹ́ Python. Wọ́n ti lọ sí Kánádà báyìí, ó sì ti lé lọ́dún kan tí a ti gbúròó wọn kẹ́yìn nínú iṣẹ́ náà.

Orúkọ èèyàn mẹ́fà ló wà nínú fáìlì CODEOWNERS, ìwé tó ń sọ àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò. Èmi àti ẹnì kan ní Ṣágámù nìkan là ń dáhùn. Òfin tí ẹ̀gbọ́n fi lélẹ̀ ni pé PR kankan (àtúnṣe tí ẹnì kan kọ, tó ní ká mú wọlé) ò gbọdọ̀ wọlé àfi tí ẹni méjì bá fọwọ́ sí i. PR 31 ló wà nílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ mọ̀ pé lẹ́tà ẹ́ kò ní ààyè ẹyọ kan tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀: ẹ á kọ́kọ́ jókòó, wọ́n á wá gbé àmì òkè lé e lórí. Tí ẹ bá ní kí irinṣẹ́ wa yọ àmì ohùn kúrò, ńṣe ló máa ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, á wá gbá àmì ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ti òkè dànù. Ọkọ̀ á di oko. Ọmọ náà fi ìlà mẹ́ta péré tún un ṣe, ó sì kọ ìdánwò tì í. Àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yòókù ló ṣàdédé yọjú, ó tẹ "Request changes", tó ń dí PR lọ́nà, nítorí orúkọ fọ́ńṣọ̀n, ọmọ náà yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹni náà kò sì padà wá mọ́. Oṣù mẹ́rin. Ọmọ náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun, ẹ má ṣèyọnu mọ́."

Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́ mi ní git. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo fẹ́ gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́.

AkápòẸgbẹ́

Kú iṣẹ́ o, àbúrò. Èmi ni akápò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tèmi, ojú mi sì ti rí irú èyí. Ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí sọ̀wédowó ẹgbẹ́, báńkì ò sì ní sanwó láìrí méjì. Méjì nínú wọn ló kó kúrò nílùú láàárín ọdún kan ṣoṣo. Owó aṣọ Ojúde Ọba wà ní báńkì, àwa náà wà níta, a ń wò ó. Kò sẹ́ni tó jalè. Kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnikẹ́ni. Owó ara wa la fi ra aṣọ lọ́dún náà, àwọn kan ò sì tíì gba tiwọn padà títí dòní (èmi wà lára wọn).

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà ni pé a ya orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ́. Orúkọ ẹni tó rìnrìn àjò wà nínú ìwé ẹgbẹ́ títí ayé, àga rẹ̀ wà níbẹ̀ tó bá wálé, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ á kúrò ní báńkì. Kò sẹ́ni tó bínú, nítorí a kọ òfin náà kí a tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwọ náà, kọ òfin ná. Fún àpẹẹrẹ: ẹni tí kò bá yẹ ohunkóhun wò fún oṣù mẹ́fà, a ó kàn sí i, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò dáhùn, a ó yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń fọwọ́ sí, ọjọ́ tó bá padà dé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ó fi dá a padà. Kí orúkọ tìrẹ náà wà lábẹ́ òfin yẹn.

OníkóòdùMákùn

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó lè yanjú lónìí kúrò nílẹ̀. PR ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn kò nílò ẹ̀gbọ́n rárá. Ẹni tó bá tẹ "Request changes" tó wá bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní write (àṣẹ láti kọ nǹkan sínú rẹ̀) lórí repo lè fagi lé àyẹ̀wò rẹ̀. Lọ sí ìsàlẹ̀ PR, wá orúkọ rẹ̀, tẹ "Dismiss review", kó o sì kọ ìdí rẹ̀: ó ti ṣe àtúnṣe tí ẹ béèrè, a sì ti dúró fún oṣù mẹ́rin. Ìṣẹ́jú kan.

Ìdè tó wà lọ́rùn yín gan-an nìyí, bóyá ẹ ò sì tíì kíyè sí i. Ẹni tó kọ PR kò lè fọwọ́ sí ti ara rẹ̀. Ẹ̀yin méjì lẹ wà lójúfò, òfin sì sọ pé ìfọwọ́sí méjì. Tí ìwọ bá kọ PR, ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tìrẹ àti ti ẹnì kejì rẹ kò lè wọlé láéláé, àfi tí ẹnì kẹta bá jí. Mélòó nínú 31 yẹn ló jẹ́ tiyín?

Ẹ ò sì lè yí òfin náà padà. Repo tó bá wà lábẹ́ àkáǹtì ẹnì kan, onílé kan ló ní. Ẹ̀yin yòókù ní kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ lè wọlé, ẹ lè merge (mú PR wọlé), ṣùgbọ́n ẹ ò lè dé ibi settings, níbi tí wọ́n ti ń yí òfin padà. Nítorí náà, ohun kan ni kí ẹ tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n: kí wọ́n gbé repo náà lọ sábẹ́ organization (àkáǹtì ẹgbẹ́) tó ní onílé méjì, ó kéré tán. Issue, PR, àwọn ìràwọ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá tẹ àdírẹ́sì àtijọ́, GitHub á darí rẹ̀ síbi tuntun.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ dín ìfọwọ́sí kù sí ọ̀kan, ẹ wá tan "Require review from Code Owners". Ẹ má kọ orúkọ èèyàn sínú CODEOWNERS mọ́, orúkọ team (ikọ̀) ni kí ẹ kọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí orúkọ márùn-ún bá wà lórí ìlà kan, àwọn márààrún ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Rárá o, ọ̀kan ti tó. Ìlà tó bá bá fáìlì mu kẹ́yìn ló sì ń borí, nítorí náà òkè pátápátá ni kí ìlà onírawọ̀ *, tó dúró fún gbogbo fáìlì, wà. Mo ti rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀, gbogbo òfin tó wà lókè rẹ̀ di ọ̀ṣọ́ lásán. Team tún dáa fún nǹkan kan: ẹ lè ní kí GitHub máa pín àyẹ̀wò káàkiri láàárín wọn, kó sì máa fo ẹni tó bá ti kọ ọ́ sára àkáǹtì rẹ̀ pé ọwọ́ òun dí.

Àbẹ̀kẹ́_Òde

Ẹ̀gbọ́n Mákùn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka iye wọn. Mọ́kànlá ló jẹ́ tiwa. Ojú tì mí.

Ọmọ_Àgọ́

Àǹtí, nítorí kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ẹ fork ẹ (ẹ da kóòdù rẹ̀ kọ síbi tiyín), ẹ fún un lórúkọ mìíràn, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ jàre. Èèyàn ti lọ Kánádà, ẹ ń rọ̀ mọ́ ọn.

Ìkẹ́nnẹ́LóLéMi

Ọmọ Àgọ́, fork kò ṣòro. Orúkọ ló ṣòro. Ilé ìtẹ̀wé tó ń lò ó ní Ìjẹ̀bú-Òde yẹn, orúkọ àtijọ́ ni wọ́n á máa tẹ̀ sí pip, tó ń gbé irinṣẹ́ wá láti PyPI. Àtúnṣe tí ẹ bá ṣe síbi tuntun kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n á ṣì máa tẹ oko síbi tí ọkọ̀ yẹ kó wà.

PyPI ní òfin lórí èyí, PEP 541 ni wọ́n ń pè é. Kí wọ́n tó lè ka iṣẹ́ kan sí èyí tí olówó rẹ̀ pa tì, ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé: wọn ò rí olówó rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, kò sí ẹ̀dà tuntun láàárín oṣù 12, kò sì sí ìró olówó rẹ̀ lójú ìwé iṣẹ́ náà. Àwọn fúnra wọn á wá a tó ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á sì jáwọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tó bá fẹ́ gba orúkọ náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti wá olówó rẹ̀ tì, pé òun ti ń ṣe àtúnṣe lórí fork tòun, kó sì sọ ìdí tí orúkọ mìíràn kò fi ní ṣiṣẹ́. Nítorí náà, fork kì í ṣe àṣedànù. Ẹ ṣe é báyìí, ẹ máa kó iṣẹ́ síbẹ̀, ẹ sì tọ́jú gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìyẹn ni kó gbẹ̀yìn.

Ní ti àwọn olùyẹ̀wò, ohun tí Akápò sọ ni àwọn ilé ńlá nínú open source ń ṣe. Nínú fáìlì MAINTAINERS ti Linux, apá kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tó ń sọ ipò tó wà: Supported, Maintained, Odd Fixes, Orphan, Obsolete. Odd Fixes yẹn wù mí gan-an. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ má retí púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá ti sinmi tó tí ààyè bá wà láti sọ bẹ́ẹ̀. Kubernetes ní tiwọn ní emeritus_approvers nínú fáìlì OWNERS: orúkọ wà níbẹ̀, agbára ti lọ. Debian ní ikọ̀ tó ń wá àwọn olùtọ́jú tó sọnù, wọ́n sì ní ọ̀nà tí ẹlòmíràn lè gbà tún package (irinṣẹ́) ẹni tí kò sí nílé ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ kéde rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí àtúnṣe náà dúró fọ́jọ́ mélòó kan lórí ìlà, kí onílé lè dá a dúró tó bá jí. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, iṣẹ́ sì ń lọ.

Olóbì_Rẹ́mọ

Ẹ ṣọ́ra lápá kan o. Ọ̀rọ̀ yín lórí "ẹ fún ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́" ti ń sáré jù.

Ẹ rántí xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀. Lasse Collin nìkan ló ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́, ó sọ ọ́ síta pé ara òun ò yá, pé òun kì í gbowó nídìí ẹ̀. Ní 2022, àwọn àkáǹtì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ọn pé iṣẹ́ ń falẹ̀, kó gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Jia Tan sì wà nílẹ̀, ọmọlúàbí èèyàn, tó ń fi sùúrù kó àtúnṣe wá. Ó gba kọ́kọ́rọ́. Ní 2024, ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 jáde, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí ọ̀tá lè gbà wọlé, sì wà nínú wọn. Ohun tó kó gbogbo ayé yọ ni pé Andres Freund rí i pé wíwọlé pẹ̀lú ssh (tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè) ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá falẹ̀, kò sì gbójú fò ó. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá! Èmi ì bá ti ní íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2018, event-stream, irinṣẹ́ JavaScript kan, náà ti ṣe irú ẹ̀: àlejò ní òun fẹ́ ṣèrànwọ́, olówó iṣẹ́ tó ti gbàgbé ẹ̀ gbé e fún un, àlejò fi ohun tó ń jí bitcoin sínú rẹ̀.

Bàbá mi kó obì ní Ṣágámù fún ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ iṣẹ́ tuntun lè ṣa obì, ó lè kà á, ó lè gbé e lọ fún oníbàárà. Kọ́kọ́rọ́ àká ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tó bá sì ń kánjú béèrè rẹ̀ ni bàbá kì í fún. Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣe onílé. Àwọn tó ń pariwo jù lórí PR, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ iṣẹ́ wò fún bí ọdún kan ná.

Asápamọ́_Ilíṣàn

Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni irú ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń sọ yìí. Mo dákẹ́ lórí iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi kọ fún ọdún méjì gbáko.

Màmá mi ló ń ṣàìsàn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ní màá dáhùn lópin ọ̀sẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́, mo ní tí a bá ti kúrò nílé ìwòsàn. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹrin, màmá ti gbádùn, àyè ti wà, ìtìjú ló wá dí mi lọ́nà. Mo máa ń rí àmì pupa lórí fóònù mi, màá dà á dojú bolẹ̀ sórí tábìlì. Gbogbo lẹ́tà tó ń wọlé ló ń béèrè pé, "Ṣé iṣẹ́ yìí ti kú ni?" Ẹni tó kọ ọ́ kò ní ohun búburú lọ́kàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni kí èèyàn fi dáhùn ìyẹn? Tí mo bá ní kò kú, iṣẹ́ dé. Tí mo bá ní ó ti kú, èmi ni mo pa á.

Ẹnì kan ṣoṣo ló rí mi bá sọ̀rọ̀. Kò kọ ọ́ sí GitHub, WhatsApp ló ti fohùn ránṣẹ́ sí mi, ara màmá mi ló sì béèrè, kò dárúkọ kóòdù rárá. Ọjọ́ kejì ló tó wá sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín gbé ẹrù yìí. Tí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, màá kọ gbogbo ibi tí ẹ máa tẹ̀ ránṣẹ́, kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Orúkọ yín ló ṣì máa wà lókè." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni kó tó parí ọ̀rọ̀. Oorun tí mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò sùn bẹ́ẹ̀ rí.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́: ohùn ni kó o fi ránṣẹ́, má kọ lẹ́tà. Má ṣe é níbi tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ti ń wò. Má ka PR 31 sí i létí, ó ti mọ̀. Bi í ní ìbéèrè tó lè fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn. "Kí lẹ rí sí i?" kì í ṣe irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

ẸniṢágámù

Èmi lẹni Ṣágámù náà. Àbẹ̀kẹ́, o ò sọ fún mi pé o máa gbé wa wá síta, ṣùgbọ́n kò burú.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Mẹ́sàn-án nínú 31 yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló dúró sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Mo máa ń rí PR onílà 900, màá ní "màá padà wá," màá sì gba ibòmíràn lọ. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ lẹ́yìn ìrun ni mo yà sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò, wákàtí méjì. PR tó bá wọlé ṣáájú ìgbà yẹn, màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti rí i, Jímọ́ọ̀ ni màá kà á. Mo ti kíyè sí i pé ìdúró kọ́ ló ń lé àwọn ọmọ yìí lọ, àìmọ ìgbà tí wọ́n máa dá wọn lóhùn ni. Èyí tó bá ti ju ìlà 300 lọ, kí wọ́n gé e sí méjì.

Ẹ tún jẹ́ ká ya àkójọ ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára kóòdù. Olùkọ́ èdè kan wà ní Ìjagun tí kò mọ Python rárá, ṣùgbọ́n tó mọ ibi tí àmì yẹ kó wà jù gbogbo wa lọ. Kí ni èmi ń wá níbi àyẹ̀wò ọ̀rọ̀? Ẹ rántí PR ìkọ́kọrẹ́. Ẹnì kan fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún àkójọ, ọ̀rọ̀ kan péré, ohun tí gbogbo ilé ń fi ewùrà sè láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ṣágámù. Olùyẹ̀wò kan ní ẹ̀ka èdè ni, kò gbọdọ̀ wọlé. Òmíràn ní àmì rẹ̀ kò tọ́. Àlàyé 47 la kọ sábẹ́ rẹ̀, ebi pa wá, a sì ti í láìmú un wọlé.

Àbẹ̀kẹ́_Òde

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ jẹ́ n jábọ̀.

Mo fagi lé àyẹ̀wò ẹni yẹn lọ́jọ́ tí OníkóòdùMákùn sọ̀rọ̀, ìlà mẹ́ta ọmọ náà sì wọlé. Ẹni náà kọ̀wé sí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé òun ti gbàgbé pátápátá, kí n má bínú.

Mo fohùn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n. Mo béèrè àwọn ọmọ, mo béèrè òtútù. Lọ́jọ́ Sunday wọ́n pè mí fúnra wọn. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀: fóònù wọn ló sọnù nínú bọ́ọ̀sì, inú fóònù yẹn sì ni áàpù tó ń fún wọn ní kóòdù ìwọlé GitHub wà. Wọn ò lè wọlé mọ́. Àwọn yìí gan-an ló máa ń pariwo mọ́ wa nígbà náà pé ká tẹ recovery codes wa, kóòdù tí èèyàn fi ń wọlé tí fóònù bá sọnù, sórí ìwé, wọn ò wá mọ bí wọ́n ṣe máa sọ fún wa. Wọ́n tẹ tiwọn náà o. Ó wà nínú yàrá wọn nílé Màmá, ní Fọlágbadé, nínú álíbọ́ọ̀mù fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́yege.

Mo lọ lọ́jọ́ kejì. Màmá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan álíbọ́ọ̀mù títí mo fi jẹun tán, lẹ́yìn náà wọ́n fi gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ hàn mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà wà lẹ́yìn èyí tí ẹ̀gbọ́n ti wọ aṣọ ìyege. Mo ka kóòdù kan sí wọn létí lórí fóònù, wọ́n wọlé, wọ́n sì ṣe òmíràn lójú ẹsẹ̀.

OníkóòdùMákùn

O ṣeun tí o kà á tí o ò ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp.

Àbẹ̀kẹ́_Òde

Ẹ̀gbọ́n Mákùn, mo ti yà á tẹ́lẹ̀, Màmá ló ní iná ilé òun kò dáa fún fọ́tò. Mo ti pa á rẹ́.

Repo ti wà lábẹ́ organization báyìí. Onílé mẹ́ta ló ní: ẹ̀gbọ́n, èmi, ẹni Ṣágámù. Ìfọwọ́sí ti di ọ̀kan, mọ́kànlá tiwa sì ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó kù nínú ìwé, mo kàn sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: méjì ní ká yọ àwọn, ọ̀kan ní òun fẹ́ Odd Fixes, ọ̀kan kò tíì dáhùn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ṣì ń lọ.

PyPI ni kò tíì yanjú. Fóònù kan náà ló gbé e lọ, ẹ̀gbọ́n kò sì tẹ ìyẹn sórí ìwé. Ẹ̀gbọ́n ti kọ̀wé ìgbàpadà àkáǹtì sí àwọn PyPI, a ń dúró. Ní báyìí ná, mo lọ sí ilé ìtẹ̀wé yẹn fúnra mi, mo sì jẹ́ kí pip wọn máa gbé e tààrà láti inú repo.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ti padà dé o. PR rẹ̀ tuntun wọlé lálẹ́ àná. Ìkọ́kọrẹ́ ló fẹ́ fi kún àkójọ ọ̀rọ̀.

ẸniṢágámù

Mo ti rí i. Jímọ́ọ̀ ni màá kà á.